Lẹ́tà sí Bàbá Òndó: fóònù yẹn kò yọ́ káàdì yín wò

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú òjò. Mo dé Àkúrẹ́ láyọ̀ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, iṣu tí Màmá dì fún mi náà sì dé pérépéré. Mi ò tíì bọ́ bàtà tí ìpè yín fi wọlé. "Olè ni fóònù yìí! Ó ń yọ́ káàdì mi wò!" Ìyàwó mi tó gbọ́ ohùn yín rò pé àwọn ọmọ yàhúù ti gbá owó ìfẹ̀yìntì yín lọ ni. Ó ti ń wá nọ́ńbà báǹkì kí n tó sọ fún un pé bíríìjì ni, eré káàdì ẹni méjì sí méjì tí ẹ ń bá fóònù ta.

Ẹ̀bi mi ni, èmi ni mo fi bíríìjì sórí fóònù yẹn. Ẹ jẹ́ kí n kọ èyí tí mi ò lè sọ lójúkojú sílẹ̀, torí bí mo bá pè yín, ẹ ò ní jẹ́ kí n parí gbólóhùn kan.

Mo ti wo fọ́tò ọwọ́ náà, àwọn káàdì tí fóònù pín, tí ẹ ní kí ọmọ ìsàlẹ̀ yà ránṣẹ́. 3NT ni kọ́ńtíráàtì yín, ìyẹn ìlérí pé láìsí tírọ́ọ̀mpù (oríṣi káàdì tó ń borí àwọn yòókù), tíríìkì mẹ́sàn-án nínú 13 lẹ ń wá; ẹni kọ̀ọ̀kan á ta káàdì kan, ẹni tí tirẹ̀ ga jù ló jẹ tíríìkì. Mẹ́jọ ti wà nílẹ̀ láìjà: sípéèdì mẹ́ta, éèsì háàtì, dáyámọ́ńdì mẹ́ta, éèsì kílọ́ọ̀bù. Ó ku ẹyọ kan. Háàtì ni àwọn alátakò fi bẹ̀rẹ̀, éèsì yín sì ti lọ níbẹ̀. Bí wọ́n bá fi lè jẹ tíríìkì kan péré báyìí, háàtì tó kù lọ́wọ́ wọn á ya wọlé bí àgbàrá.

Éèsì àti kúùnì kílọ́ọ̀bù wà lọ́dọ̀ dọ́mì, ẹnì kejì yín tí káàdì rẹ̀ wà ní ṣíṣí lórí tábìlì, tí ẹ sì ń ta fún un. Ẹ lè ta kílọ́ọ̀bù kékeré láti ọwọ́ yín, kí ẹ fi kúùnì lé e, kí ẹ sì máa bẹ Ọlọ́run pé ọwọ́ ẹni tó wà ní òsì yín ni kíìnì wà. Finesse nìyẹn, 50 nínú 100. Dáyámọ́ńdì tún wà: mẹ́rin lọ́dọ̀ dọ́mì, mẹ́ta lọ́wọ́ yín, mẹ́fà lọ́wọ́ àwọn méjì tó kù. Bí mẹ́fà yẹn bá pín ní mẹ́ta-mẹ́ta, dáyámọ́ńdì kẹrin dọ́mì, káàdì 4 lásán-làsàn, á di tíríìkì. 36 nínú 100 ni ìyẹn.

Ẹ wo 50, ẹ wo 36, ẹ mú 50. Kíìnì wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ó parí. Ṣùgbọ́n Bàbá, ta ló ní kí ẹ mú ọ̀kan? Ẹ kọ́kọ́ ta éèsì àti kíìnì dáyámọ́ńdì ti dọ́mì, kí ẹ fi kúùnì ọwọ́ yín ṣe ìkẹta. Bí wọ́n bá pín dáadáa, éèsì kílọ́ọ̀bù á gbé yín padà sọ́dọ̀ dọ́mì lọ mú 4 yẹn. Bí wọn ò bá pín, ọwọ́ yín náà lẹ ṣì wà, finesse ò sì tíì sá lọ síbì kankan. 36, ká fi ìdajì 64 tó kù kún un, ó di 68. Kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ó dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ tún fọ́tò náà wò: mẹ́ta-mẹ́ta ni dáyámọ́ńdì ọ̀hún pín.

Ẹ máa bi mí pé níbo ni mo ti rí iye wọ̀nyí. Ẹ jẹ́ ká fi ọwọ́ alátakò méjèèjì, káàdì 13 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ṣe bọ́ọ̀sì méjì ní gáréèjì Àkúrẹ́ tí wọ́n ń lọ sí Òndó, pupa kan, funfun kan, ìjókòó 13 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí agbèrò kan sì di ojú, tó ń ti èrò wọlé bó ṣe bá a. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò dé. Ẹ̀gbọ́n bọ́ sínú ọkọ̀ pupa. Ìjókòó 12 ló kù níbẹ̀, 13 ṣì wà nínú funfun. Pé àbúrò á bọ́ sínú ọkọ̀ funfun wá jẹ́ 13 nínú 25, ìyẹn 52 nínú 100. Ẹni tó ti jókòó ti dín àyè ẹni tó ń bọ̀ kù. Gbogbo ìṣirò yẹn kò ju báyìí lọ. Bí káàdì márùn-ún oríṣi kan bá wà níta, lọ́wọ́ àwọn alátakò, ìgbà 68 nínú 100 ni wọ́n máa ń pín ní mẹ́ta-méjì, 28 ní mẹ́rin-ọ̀kan, 4 ní gbogbo rẹ̀ sọ́wọ́ ẹnì kan.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ẹ sì ń gbàgbé ilé yẹn bí ẹ bá ti gbọ́ bídì, ìpè tí oníkálùkù fi ń sọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹni òsì bá ti pe háàtì méje sọ́wọ́, tí ẹ sì ti rí i pé méjì péré ló wà lọ́wọ́ ẹni ọ̀tún, ọkọ̀ kan ku ìjókòó 6, èkejì ku 11. Kúùnì tí ẹ ń wá? 11 nínú 17 ni pé ọwọ́ ọ̀tún ló wà, bíi 65 nínú 100. Finesse di ohun mìíràn nìyẹn.

Ó wá kan ẹ̀sùn yín. Ẹ ní ẹ̀ẹ̀mẹta léra wọn ni tírọ́ọ̀mpù márùn-ún tó wà níta kọ̀ tí kò pín mẹ́ta-méjì. Ó lé díẹ̀ ní 3 nínú 100 pé kí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀ léra. Ó kéré lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń ta ogún ọwọ́ kí Màmá tó gbé oúnjẹ ọ̀sán wá, ta ló máa rí i bí kì í ṣe ẹ̀yin? Èmi náà ti rí i rí nígbà ọyẹ́. Mo ju fóònù sórí bẹ́ẹ̀dì, mo bú ẹni tó ṣe é, mo tún lọ gbé e.

Ìdí kan tún wà tí ó fi ń dà bí olè lójú yín. Ní fàráńdà Odòjọmu, ẹ̀yin mẹ́rin lẹ ń po káàdì fúnra yín, ọdún gbọọrọ. Bí ẹ bá ta ọwọ́ kan tán, sípéèdì mẹ́rin á sùn lórí ara wọn, dáyámọ́ńdì mẹ́rin lórí ara wọn. Ẹ á pò ó lẹ́ẹ̀mejì, bóyá ẹ̀ẹ̀mẹta, torí ọtí ẹmu ń dúró. Ó gba bí ẹ̀ẹ̀meje kí káàdì 52 tó dàpọ̀ dénú. Èyí tí ẹ ń pín nígbà yẹn kò dàpọ̀ tán, àwọn mẹ́rin-mẹ́rin tó sùn ti ara wọn a sì máa lọ sọ́wọ́ ẹni mẹ́rin, ni wọ́n ṣe ń pín jẹ́jẹ́ bí ọmọ tó gbọ́ràn. Kọ̀ǹpútà kì í mu ẹmu. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi kọ̀ǹpútà pín káàdì fún ìdíje, àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ náà pariwo bí ẹ ṣe ń pariwo yìí.

Ti pé ó ń yọ́ ojú wò ńkọ́? Matthew Ginsberg ní Amẹ́ríkà ló ṣe ètò kọ̀ǹpútà tó ń ta bíríìjì tí wọ́n ń pè ní GIB ní apá ìparí àwọn ọdún 1990, ọ̀pọ̀ sì ń ronú bíi tirẹ̀ títí di òní. Àwọn káàdì tí kò rí, á máa pín wọn ní oríṣiríṣi ọ̀nà tó bá bídì mu, á yanjú ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé ọwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà ní ṣíṣí sórí tábìlì, á wá ta káàdì tó mú èrè wá jù nínú gbogbo rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí nígbà tó yé mi. Ẹ ní ó ń rí káàdì yín, òun sì rèé tó ń ta bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ ń rí tirẹ̀! Bó bá ti ṣírò pé kọ́ńtíráàtì yín máa yọrí bó ti wù kó rí, ohunkóhun tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́ ló máa jù sílẹ̀, nígbà mìíràn á ju tíríìkì ọ̀fẹ́ fún yín. Èèyàn á pa kúùnì rẹ̀ mọ́ títí dé òpin, á fi ẹ̀rín bò ó. Nítorí náà ẹ má kánjú ta finesse, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ ju káàdì díẹ̀.

Àmọ́ ẹ má fojú di wọ́n. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, ní Paris, wọ́n fi èyí tó ń jẹ́ NooK ta 3NT, láìsí bídì, kọ̀ǹpútà mìíràn sì ni alátakò. Àwọn ògbóǹtarìgì mẹ́jọ lágbàáyé ta ọwọ́ kan náà. NooK gbé iwájú.

Mo mọ̀ pé ohun tó ń dùn yín ju dáyámọ́ńdì lọ. Méjì nínú àwọn mẹ́rin yẹn ti lọ, ẹ̀kẹta wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ ní Kánádà. Ẹ máa ń sọ pé bí Bàbá Agbẹjọ́rò bá ní kíìnì lọ́wọ́, á mí sókè kó tó ta. Fóònù kì í mí.

Mò ń bọ̀ ní Sátidé, èmi àti ìyàwó mi, tó ti mọ bídì díẹ̀ báyìí. Ọmọkùnrin mi tó wà ní FUTA ní òun náà á tẹ̀lé wa, bí ẹ bá ṣèlérí pé ẹ ò ní pariwo mọ́ òun. A pé mẹ́rin nìyẹn. Ẹ sọ fún Màmá kó má gbé tábìlì kúrò ní fàráńdà. Èmi ni máa po káàdì, ẹ̀ẹ̀meje gééré, ẹmu ì báà dúró.

Ọmọ yín ní Àkúrẹ́