Ẹ Má Gba Oògùn Kúrò Lọ́wọ́ Aláìsàn Ọpọlọ

Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn fún ọ̀sẹ̀ yìí
Bíbélì kíkà: Àwọn Ọba Kejì 20:1–7

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa,

Mo kí gbogbo ilé. Mo kí àwọn tí ara wọn kò yá, mo sì kí àwọn tó ń ṣọ́ wọn lóru tí ojú wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí oorun.

Hesekáyà ọba ṣàìsàn dé ojú ikú. Ó kọjú sí ògiri, ó gbàdúrà, ó sọkún kíkorò. Àìsáyà kò tíì jáde kúrò ní àgbàlá tí Olúwa fi rán an padà pé kí ó sọ fún ọba pé a ti gbọ́ àdúrà rẹ̀, a ti rí omijé rẹ̀, a ó sì fi ọdún 15 kún ọjọ́ ayé rẹ̀. Ẹ wá wo ohun tó tẹ̀lé e. Wòlíì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìlérí ìwòsàn wá láti ẹnu Ọlọ́run, òun kan náà ló ní kí wọ́n mú èso ọ̀pọ̀tọ́ wá, kí wọ́n fi lé oówo ọba. Wọ́n fi lé e, ara ọba sì yá. Kò sí ibi tí a ti kà á pé ẹnikẹ́ni bi Àìsáyà bóyá ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni kò tó.

Ohun tí mo ń rí láàárín wa ló jẹ́ kí n mú ibẹ̀ kà. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá ń da bàbá kan láàmú, a ó gbàdúrà fún un, a ó sì bi í bóyá ó ti lo oògùn òwúrọ̀. Bó bá jẹ́ ìtọ̀ ṣúgà ni, àwọn ìyá ìjọ á máa ṣọ́ abọ́ oúnjẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọpọlọ ló ń ṣàìsàn, tàbí tí oògùn olóró di bárakú fún ọmọ ẹni, kíá ni ọ̀rọ̀ á yí padà. A ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó rán nǹkan sí i. Ẹlòmíràn á tilẹ̀ gba oògùn tí dókítà kọ kúrò lọ́wọ́ aláìsàn, á ní kí ó fi ìyẹn ṣe ìgbésẹ̀ ìgbàgbọ́.

Ìyá kan nínú ìjọ yìí yọ̀ǹda kí n sọ èyí. Ọmọkùnrin rẹ̀ wà ní yunifásítì nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, ó lo oògùn, ohùn náà dákẹ́, ó padà sí kíláàsì. Nígbà tó yá, wọ́n mú un lọ sí ìṣọ́ òru ní ilé àdúrà kan, wọ́n sọ fún un níbẹ̀ pé ìdè ti já, kí ó má fẹnu kan oògùn mọ́. Ó jẹ́rìí, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ara rẹ̀ sì dá ṣáká fún ìgbà díẹ̀, torí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ kì í sábà padà lọ́jọ́ tí a bá da oògùn nù. Ó lè gba ọ̀sẹ̀, ó lè gba oṣù, kí ó tó yọjú. Nígbà tó yọjú, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn tó pàtẹ́wọ́ kò sí níbẹ̀ ní ago méjì òru tí ìyá náà ń fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn kí ọmọ má baà sá jáde sí títì. Ọmọ náà ti padà sórí oògùn báyìí. Ọjọ́ Ìsinmi kì í kọjá kí ẹ má rí i nínú ilé Ọlọ́run yìí, ọ̀pọ̀ nínú yín ló sì ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ láìmọ̀ pé òun ni mò ń sọ.

Mò ń gbàdúrà fún àwọn aláìsàn ọpọlọ, n kò sì ní ṣíwọ́. Mo gbàgbọ́ pé Ọlọ́run ń wòsàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: ẹnikẹ́ni nínú ìjọ yìí, ìbáà ṣe aríran, ìbáà ṣe ajíhìnrere, ìbáà ṣe èmi tí mò ń kọ̀wé yìí, kò láṣẹ láti dá oògùn dókítà dúró lára ẹnikẹ́ni. Bí o bá gbà pé Ọlọ́run ti wò ọ́ sàn, padà lọ bá dókítà tó kọ oògùn náà. Òun ló mọ bí a ṣe ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ bí ó bá tọ́ láti dín in kù.

Láti Èbúté-Mẹ́ta wa níbí, owó kẹ̀kẹ́ lásán ló máa gbé wa dé ilé ìwòsàn ọpọlọ tí ìjọba àpapọ̀ ní Yábà. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ wa ló ń kọjá ní Harvey Road lójoojúmọ́ tí kò jẹ́ wo ẹnu ọ̀nà náà. “Yábà Lẹ́ẹ̀fùtì” ti di èébú lẹ́nu kọ̀ndọ́kítọ̀ àti ọmọ iléèwé. Ó ní ibi tí ìbẹ̀rù yìí ti ṣẹ̀. Ní 1907 tí ìjọba òyìnbó ṣí ibẹ̀, ìtìmọ́lé ló pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n kàn ń kó àwọn tí orí wọn dàrú kúrò ní ìgboro ni. Èyí ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Lónìí, dókítà ọpọlọ wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ sísọ tọ́jú ènìyàn wà níbẹ̀, wọ́n sì ń tọ́jú àwọn tí oògùn olóró ti mú lẹ́rú. Wọ́n ní ẹ̀ka kan ní Òṣòdì fún àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́langba. Ẹni tí ẹnu ọ̀nà Yábà bá sì ń bà lẹ́rù gan-an, kí ó lọ sí àwọn ọsibítù ńlá bíi LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí LASUTH ní Ìkẹjà. Wọ́n ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ pẹ̀lú àwọn àìsàn mìíràn ní méjèèjì, kò sì sí ẹni tí yóò mọ ẹ̀ka tí o bá lọ.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà wa, torí ọ̀rọ̀ tiwọn ń dùn mí jù. Ní Èkó yìí, a ti gbọ́ ọ kọjá ìgbà kan pé ẹyẹ já lulẹ̀ ó di ìyá arúgbó, ni èrò á bo ìyá bẹ́ẹ̀, ni wọ́n á máa wá òkúta àti táyà. Ẹ̀yin ará, ìyá arúgbó tí wọ́n bá ní òpópónà ní ìdájí, tí kò mọ orúkọ àdúgbò tó ti wá, tó ń sọ kántankàntan, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé àìsàn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó ló mú un jáde nílé. Àìsàn yìí ń mú kí ènìyàn fi owó pamọ́ kí ó sì fẹ̀sùn olè kan ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ó ń jẹ́ kí ènìyàn rìn lóru. Ìbànújẹ́ ọkàn tó wúwo náà sì lè mú kí àgbàlagbà sọ pé òun lòun pa ọkọ òun, òun lòun jẹ ọmọ òun, kí ó sì gba ohun tí ó ń sọ gbọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó pe ìyẹn ní ìjẹ́wọ́ àjẹ́, ẹ béèrè irú ilé tó ti jáde àti ọmọ tó ń wá a kiri. Bó bá jẹ́ ìyá tìrẹ nílé, gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Òmíràn wà tó jẹ́ pé ibà, ìtọ̀ ṣúgà tàbí oògùn tí wọ́n lò jù ló dà á lórí rú, ìyẹn sì ṣeé tọ́jú.

Àbísínwín ńkọ́? Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi ìyá ọmọ tuntun bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ má fi òun àti ìkókó nìkan sílẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Kì í ṣe ohun tí a ń dúró de ìsọjí òpin oṣù fún. Ní ti àwọn ọmọdé, àjọ ìlera àgbáyé sọ pé ìdajì àwọn àìsàn ọpọlọ ló ti ń bẹ̀rẹ̀ kí ènìyàn tó pé ọmọ ọdún 14; ẹ̀yin olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, ọmọ tó dákẹ́ lójijì, tí kò bá ẹgbẹ́ ṣeré mọ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má pè é ní ọmọ jẹ́jẹ́, ẹ bá òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ó ku oògùn olóró. Ìwádìí ọdún 2018 tí UNODC, ẹ̀ka àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, àti àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ jọ ṣe fi hàn pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn ní Nàìjíríà, láti ọmọ ọdún 15 dé ẹni ọdún 64, ló lo oògùn olóró tàbí tó ṣi oògùn lò láàárín ọdún kan, láìka ọtí àti sìgá. Bí mẹ́ta bá jókòó ní Èkó, ẹnì kan nínú wọn ló lò ó. Nínú àwọn márùn-ún tó ń lò ó, ó ti wọ ẹnì kan lára débi pé ó nílò ìtọ́jú. Ẹ má ro pé ọmọ Àkálà ní Mùṣín nìkan ni. Alágbàrù tó ń gbé àpò ní Ìdúmọ̀tà ń fi tramadol, oògùn ìrora, gbéra. Ọmọ yín tó ń ka ìwé wà nídìí kọ́lọ́rádò, igbó oníkẹ́míkà. Bàbá tó ń mu páráàga láàárọ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ má baà gbọ̀n wà lára wọn pẹ̀lú.

Nípa ti ọtí yẹn, mo bẹ̀ yín, ẹ fetí sílẹ̀. Ẹni tó ti ń mu ọtí púpọ̀ lójoojúmọ́ láti ọ̀pọ̀ ọdún, bí ẹ bá tì í mọ́ yàrá lójijì fún ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta, ẹ lè pa á. Ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, á máa làágùn, gìrì lè mú un, á máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, ọ̀pọ̀ sì ti bá a lọ. Ní ọsibítù, oògùn wà tí wọ́n fi ń gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọjá ọjọ́ mélòó kan yẹn. Ẹni tó fi tramadol tàbí kodéìnì sílẹ̀ ní ewu tirẹ̀: bó bá padà sídìí ẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, tó sì lo iye tó ń lò tẹ́lẹ̀, ara rẹ̀ kò lè gbà á mọ́. Torí náà ọjọ́ tó bá jáde ní ibi ìtọ́jú gan-an ló nílò wa jù. Bí gìrì bá mú ẹnikẹ́ni lójú yín, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má rọ epo tàbí ohunkóhun sí i lẹ́nu.

Ẹ sì jìnnà sí ẹ̀wọ̀n. Ní 2019, àjọ Human Rights Watch tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ròyìn bí wọ́n ṣe ń so àwọn aláìsàn ọpọlọ mọ́lẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, ní ilé ìwòsàn ìbílẹ̀, ní ibùdó àwọn Mùsùlùmí, àti ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ṣọ́ọ̀ṣì! Ọkùnrin Gadara tí a kà nípa rẹ̀ nínú Marku 5, ìgbà púpọ̀ ni wọ́n ti fi ẹ̀wọ̀n dè é kí Jésù tó dé. Ẹ̀wọ̀n náà kò wò ó sàn. Òfin ìlera ọpọlọ tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2023, èyí tó rọ́pò òfin àtijọ́ tó pe àwọn ènìyàn wọ̀nyí ní wèrè, dáàbò bo ẹ̀tọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí ènìyàn.

Àwa Yorùbá gan-an ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé jù. Ní 1954, nítòsí Abẹ́òkúta, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Àrò: àwọn aláìsàn ń gbé pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí wọn láàárín àwọn ará abúlé, wọ́n sì ń lọ gba ìtọ́jú ní ọsibítù. Àwọn oníṣègùn láti ilẹ̀ òkèèrè wá wo bó ṣe ṣe é, òun fúnra rẹ̀ sì di igbákejì ọ̀gá àgbà àjọ ìlera àgbáyé. Oògùn wà níbẹ̀, ènìyàn sì wà níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ìjọ yìí jẹ́ ni àwọn ará abúlé wọ̀nyẹn.

Nítorí náà, láti ọ̀sẹ̀ yìí lọ, àwọn nọ́ọ̀sì inú ìjọ yóò máa jókòó ní vẹ́sìrì lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ọjọ́rú. Ohun tí ẹ bá sọ fún wọn kò ní dé orí pẹpẹ, kò sì ní dé etí ẹgbẹ́ kankan. Ẹni tó bá ń lo oògùn ọpọlọ lè gbé e wá bí ó bá fẹ́, a ó gbàdúrà lé e lórí, a ó sì dá a padà fún un. Ẹ̀yin òbí tí ọ̀rọ̀ oògùn olóró ọmọ yín ti sú, tí ẹ̀rù sì ń bà yín pé wọ́n á gbé e: NDLEA, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti oògùn olóró, ṣí nọ́ńbà kan ní 2022 fún ìmọ̀ràn àti ìrànlọ́wọ́. Ọ̀fẹ́ ni, tọ̀sán tòru: 0800 1020 3040.

Bọ́ọ̀sì ìjọ yóò gbéra lọ sí Yábà ní ọjọ́ Ajé ní ago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀, kí a lè tètè gba káàdì. Ẹni tí kò bá ní ẹni tí yóò bá a lọ, èmi yóò bá a lọ.

Olùṣọ́-àgùntàn yín