Ẹni Tó Fẹ́ Gun Galibier, Gíga Òkè Ni Kó Kà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí síwájú àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gun kẹ̀kẹ́ nílùú Ọba, pàápàá àwọn tó ń gbèrò láti lọ gun òkè Galibier ní ilẹ̀ Faransé nígbà ooru.

Bí wọ́n ṣe ń ṣírò ọ̀nà náà ló ń kọ mí lóminú. Láti Saint-Michel-de-Maurienne dé orí Galibier, kìlómítà 35 péré ni. Ẹni tó ń gun ọgọ́rùn-ún kìlómítà lórí ilẹ̀ títẹ́jú á ní kí ló wà níbẹ̀. Gíga ló wà níbẹ̀. Mítà 712 ni Saint-Michel fi ga ju òkun lọ. Galibier fi mítà 2,642 ga ju òkun lọ. Kí a tó débẹ̀, a ó kọ́kọ́ gun òkè Télégraphe dé mítà 1,566, a ó sọ̀ kalẹ̀ sí abúlé Valloire, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀ òkè mìíràn tó tó kìlómítà 18. Bí a bá ro gbogbo gígun náà pọ̀, ó tó mítà 2,100. Ẹni tó ń fi Box Hill ní Surrey dánra wò, kó mọ̀ pé Box Hill mẹ́tàdínlógún nìyẹn. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lè gun mítà 500 ní wákàtí kan, nítorí náà ó lé ní wákàtí mẹ́rin láìka ìsinmi. Ẹ gbéra ní aago méje àárọ̀, torí ààrá àti òjò sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án ní oṣù Keje àti Ìkẹjọ.

Gíà ló kàn. Láti ibi tí wọ́n ń pè ní Plan Lachat, tó ku nǹkan bíi kìlómítà 8 kí a dé orí Galibier, ọ̀nà náà ń gòkè ní bíi mítà 8 tàbí 9 nínú ọgọ́rùn-ún, kìlómítà tó gbẹ̀yìn sì le jù wọ́n lọ. Bí kẹ̀kẹ́ bá ní eyín 34 níwájú, tí fíríwíìlì rẹ̀ kò ju eyín 28 lọ, tí ẹsẹ̀ sì ń yí pẹ́dàlì nígbà 60 ní ìṣẹ́jú kan, kìlómítà 9 ni yóò máa rìn ní wákàtí. Ẹni tí òun àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jọ wọ̀n tó kílò 85 nílò agbára tó tó wáàtì 185 fún ìyẹn, kò sì gbọdọ̀ jáwọ́. Bí agbára náà kò bá sí, ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí díẹ̀díẹ̀, gbogbo ìnira á sì bọ́ sórí orúnkún. Ẹ fi fíríwíìlì eléyín 34 sí i: kìlómítà méje àbọ̀ ni, wáàtì 150 á sì tó o. Àmọ́ ẹ wo irin tó ń gbé ṣéènì láti eyín kan sí òmíràn lẹ́yìn. Bó bá kúrú, á máa ha eyín 34 náà. Ṣéènì àtijọ́ náà lè má gùn tó. Bẹ́ẹ̀, bí a bá ṣèèṣì gbé e sórí eyín ńlá iwájú àti ti ẹ̀yìn pọ̀, ó lè fa irin náà ya. Irin gígùn àti ṣéènì tuntun ni kí ẹ rà, kí ẹ sì gùn ún nílé fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó di pé ẹ lọ.

Ṣùgbọ́n sísọ̀kalẹ̀ gan-an ni mo bẹ̀rù jù fún wọn. Bí a bá ti gun mítà 1,000, ojú ọjọ́ máa ń fi nǹkan bí ìwọ̀n 6 Celsius tutù sí i. Bó bá jẹ́ 28 ní Saint-Michel, bíi 16 ni yóò jẹ́ lókè, aṣọ tó ti rin fún òógùn á sì pàdé afẹ́fẹ́ kìlómítà 50 ní wákàtí. Ọwọ́ á kú, kò ní lè fa bíréèkì. Ní ọdún 1998, nínú ìdíje kẹ̀kẹ́ Tour de France, Marco Pantani, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, já àwọn yòókù sílẹ̀ lórí Galibier yìí kan náà nínú òjò. Síbẹ̀ ó dúró lókè láti wọ ẹ̀wù òjò. Bí ẹni tó ń sáré fún ipò kìíní bá lè dúró, kí ló ń lé tiwa? Ẹ̀wù tí afẹ́fẹ́ kò lè gbà kọjá, ìbọ̀wọ́ tó bo gbogbo ìka, àti fìlà tín-ín-rín lábẹ́ akoto: ẹ wọ̀ wọ́n kí ara tó tutù.

Ẹ má ṣe tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí bíréèkì náà bá jẹ́ irú tó ń fún ríìmù, ríìmù á gbóná, túùbù lè bẹ́, ríìmù kábọ́ọ̀nù sì lè rọ̀. Ẹ fà á gidi kí ẹ tó dé kọ́nà, kí ẹ sì tú u sílẹ̀. Láti Lautaret, ibi tí a ó sọ̀ kalẹ̀ sí ní òdìkejì Galibier, ẹni tó ń lọ sí Le Bourg-d'Oisans á gba inú ọ̀pọ̀ ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú àpáta fún ọ̀nà mọ́tò: iná iwájú àti ti ẹ̀yìn pọn dandan. Ọ̀nà Briançon rọrùn jù, òun ni mo fọwọ́ sí fún ẹni tó ń lọ nígbà àkọ́kọ́.

Omi ìgò méjì, kí ẹ tún bu sí i ní Valloire. Oúnjẹ tó ní gíráàmù 60 ṣúgà tàbí sítáàṣì ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, láti wákàtí àkọ́kọ́, kí ebi tó dé. Ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nílò físà Schengen, bó tilẹ̀ ń gbé ìlú Ọba. Ó kéré tán, ọjọ́ 15 ṣáájú ìrìn ni a gbọ́dọ̀ béèrè fún un, ẹ tètè lọ.

Yìnyín máa ń dí ọ̀nà orí òkè náà títí di ìparí oṣù Karùn-ún tàbí ìbẹ̀rẹ̀ Ìkẹfà. Pátákó kan ń bẹ nísàlẹ̀ tó ń sọ bóyá ó ṣí. Bó bá kọ Fermé (ìyẹn ni pé ó tì), ẹ má ṣe kọjá Valloire: ọ̀nà Télégraphe kì í sábà tì, a lè gùn ún kí a sì padà sí Saint-Michel lọ́jọ́ kan náà.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù