Ẹ Má Tíì Sọ Ẹja Yẹn Lórúkọ

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Àwọn òǹkàwé a máa fi fọ́tò cichlid aràrá (ẹja odò kékeré tí a ń sìn nínú àpótí gíláàsì) láti Gúúsù Amẹ́ríkà ránṣẹ́ sí ojú ewé ẹja ọ̀sìn yín, wọn a ní kí ẹ bá àwọn sọ irú èyí tó jẹ́. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ má ṣe máa torí fọ́tò kan ṣoṣo sọ ẹja lórúkọ. Apistogramma, ìsọ̀rí kan lára wọn, nìkan ní ẹ̀yà tó lé ní 90 tí àwọn onímọ̀ ti sọ lórúkọ.

Ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ọ̀rá bọ́ sínú gíláàsì, ẹ̀rù ń bà á ni. Àwọ̀ rẹ̀ á ti ṣí, lẹbẹ rẹ̀ á ká mọ́ ọn lára. Ìlà dúdú tó gba ìbú láti ojú dé ìdí ìrù lè parẹ́ lójú ẹsẹ̀, kí ìlà òòró bíi méje yọ dípò rẹ̀. Ẹni tó bá yà á nígbà náà á búra pé ẹja mìíràn ni. Ẹ ní kí wọ́n fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta nínú omi tí ọṣẹ tètè ń hó nínú rẹ̀, kí pH (ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó) wà ní bíi 6, kí ooru wà láàrin dígírì Celsius 25 sí 27, kí ewé gbígbẹ àti ihò tó lè sá sí wà níbẹ̀. Nígbà tó bá wá na lẹbẹ, kí wọ́n yà á láti ẹ̀gbẹ́.

Ìrù akọ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ti A. agassizii (A. dúró fún Apistogramma) ṣe ṣónṣó bí ẹnu ọ̀kọ̀, ìlà funfun kan sì tẹ̀ lé etí rẹ̀ nínú. Ti A. cacatuoides yọ ṣónṣó méjì, ẹ̀gún iwájú lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ ga bí ogbe àkùkọ, ètè rẹ̀ nípọn. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi tí ìlà ìbú parí sí: ṣé ó kan àmì dúdú ìdí ìrù ni, àbí àlàfo wà láàrin wọn? Ti A. trifasciata ní ìlà mìíràn tó dagun láti ìdí lẹbẹ àyà lọ sí lẹbẹ abẹ́ ìdí. Àwọ̀ pupa kì í ṣe ẹ̀rí rárá, nítorí àwọn olùsìn ti ṣa pupa jọ láti ìran dé ìran.

Abo tó ń ṣọ́ ẹyin lókè àjà ihò rẹ̀ a máa sọ òótọ́ ju akọ lọ, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń yà á. Ara rẹ̀ á pọ́n bí ìyeyè, àmì dúdú ara rẹ̀ á wá hàn ketekete. Ti A. nijsseni tiẹ̀ tóbi débi pé a kò lè ṣì í mú. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o: akọ kékeré a máa díbọ́n bí abo, oníṣòwò a sì máa kó abo ẹ̀yà méjì sínú ọ̀rá kan. Bí akọ ẹ̀yà kan bá gun abo ẹ̀yà kejì, ọmọ àdàlù ni wọ́n lè bí.

Ọdún 1979 ni Kullander, onímọ̀ nípa ẹja, ti ya A. macmasteri àti A. viejita sọ́tọ̀, síbẹ̀ macmasteri ni ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà ní viejita. Bí “cf.” bá wà lára orúkọ tí ẹja bá wá, ẹ má yọ ọ́, ohun tó ń sọ ni pé ó jọ ọ́, kò tíì dájú.

Bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ tẹ fọ́tò akọ àti abo pọ̀, kí ẹ kọ orúkọ odò tí wọ́n ti kó wọn sí abẹ́ rẹ̀. Bí kò bá sí odò, “Apistogramma sp.” ni kí ẹ kọ, ìyẹn ni pé a kò mọ ẹ̀yà rẹ̀.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Olùsìn cichlid aràrá