Ẹ Bá Wa Kọ Ìṣòro Ọ̀nà Náà Mọ́ Ẹwà Rẹ̀

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Mo kí yín kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní: nígbà tí ẹ bá ń tẹ àwòrán ibi ẹlẹ́wà ní òkè òkun jáde fún àwa òbí tí ọmọ wa ń gbé ní ibẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa sọ bí ọ̀nà ibẹ̀ ti rí. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ni mo rí ní ilé mi ní Sùúrùlérè tí mo fi ní kí ọmọ mi ọkùnrin tí ó wà ní Adelaide, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, mú mi gba ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Oodnadatta Track.

Láti Marree dé Marla, ọ̀nà náà gùn tó nǹkan bíi 620 kìlómítà, wọn kò sì da ọ̀dà sí i. Ẹ̀rín ni mo fi dá ọmọ mi lóhùn nígbà tí ó ní ọjọ́ mẹ́ta ni a ó lò, nítorí pé mo ti ń wa ọkọ̀ ní Èkó láti ìgbà tí a ṣì ń gba ọwọ́ òsì, kí ìjọba tó yí i sí ọwọ́ ọ̀tún ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972. (Ọwọ́ òsì ni wọ́n ṣì ń gbà ní Ọsirélíà, ó sì dùn mọ́ mi.) Kòtò ni mo ti múra sílẹ̀ dè, ṣùgbọ́n páànù ni mo bá. Táyà àwọn ọkọ̀ tí ń sáré lórí iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ ti ta ilẹ̀ náà dìde ní ìlà-ìlà bíi páànù ìbolé, ó sì ń lọ bẹ́ẹ̀ fún wákàtí púpọ̀, tí eyín ń gbá eyín, tí gbogbo síkúrù inú ọkọ̀ ń ké. Ìgbà tí ọmọ mi jò lára afẹ́fẹ́ táyà ni ara tó tù wá díẹ̀.

N kò ní purọ́, ibẹ̀ rẹwà. Adágún iyọ̀ Kati Thanda, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Lake Eyre, funfun báláú nínú oòrùn, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì fi nǹkan bíi mítà 15 rẹlẹ̀ ju ojú òkun lọ. Afárá rélùwéè kan wà ní Algebuckina láti ọdún 1892, tí ó dàgbà ju afárá Carter wa àkọ́kọ́ lọ. Ọkọ̀ ojú irin kò gba orí rẹ̀ mọ́, ó kàn dúró sínú aṣálẹ̀ bí àgbàlagbà tí gbogbo ará ilé ti kó lọ fi sílẹ̀.

Láàárín Marree sí William Creek, tí ó lé ní 200 kìlómítà, ni táyà wa ti bẹ́. Bí ó bá jẹ́ Ojúẹ̀lẹ́gba ni, kí n tó ṣí ilẹ̀kùn, fọkanáísà kan á ti gbé jáàkì dé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò gbowó gegere lọ́wọ́ mi. Fóònù kò mú, ilé epo kò sí, táyà àpò ẹ̀yìn tí a sì gbé jáde kò ní afẹ́fẹ́ tó, nítorí pé àwọn tí wọ́n yá wa ní ọkọ̀ kò yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ju wákàtí kan lọ kí tọkọtaya àgbàlagbà kan tó yọ nínú eruku, tí wọ́n fi ẹ̀rọ tiwọn fẹ́ ẹ fún wa. Èrò Èkó tí mo ti ń bú láti ọjọ́ yìí wá, mo wá wọn tì ní ọjọ́ náà.

Oṣù Keje ni àwa lọ, òtútù òru sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, ṣùgbọ́n ó sàn ju ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀ lọ: ní ọjọ́ 2 oṣù Kìíní ọdún 1960, ooru Oodnadatta dé ìwọ̀n 50.7 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí òjò bá sì rọ̀, wọ́n a ti ọ̀nà pa, ẹni tí ó bá gbà á yóò san owó ìtanràn. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń yáni ní ọkọ̀ kò tilẹ̀ gbà kí a gbé ọkọ̀ kékeré dé irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Bí ó bá wù yín, ẹ tẹ àwòrán adágún náà jáde lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n ẹ bá wa kọ iye kìlómítà tí ó wà láti ilé epo kan sí èkejì sí abẹ́ rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Bàbá àgbà kan,
Sùúrùlérè, Èkó.