Ohun tí ẹ máa dì sí báàgì fún Òkè Ìdànrè

Ìyá Ìbejì mi àtàtà,

Ẹ kú òtútù lọ́hùn-ún o. Bàbá Ìbejì ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ikọ́ Kẹ́hìndé ti lọ pátápátá? Mo gbọ́ vọ́ìsì nóòtì ẹ, inú mi dùn gan-an pé Ìdànrè lẹ fẹ́ kọ́kọ́ lọ tẹ́ ẹ bá dé ní Dìsẹ́ńbà, torí ó yẹ kí àwọn ọmọ yẹn fi ojú ara wọn rí òkè yẹn. Àmọ́ àwọn ẹrù tó o kà sílẹ̀ yẹn, jọ̀ọ́ jẹ́ ká tún un wò, ẹrù yẹn ti pọ̀ jù, àwọn tó sì ṣe pàtàkì jù ò sí níbẹ̀.

Jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn yẹn, fi í sílẹ̀ sí London. Lóòótọ́ ọyẹ́ máa ń mú láàárọ̀, ṣùgbọ́n súẹ́tà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ti tó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, tó bá fi máa di agogo mẹ́wàá oòrùn á ti mú, àpáta yẹn náà á sì ti gbóná, ooru á máa ti òkè bọ̀ á máa ti ilẹ̀ bọ̀. Aṣọ kọ́tìnnì ni kẹ́ ẹ wọ̀, ẹ má wọ jíìnsì rárá, jíìnsì tó bá ti mu òógùn á kàn lẹ̀ mọ́ orúnkún ni, àtẹ̀gùn tẹ́ ẹ sì máa gùn lé ní 600 kẹ́ ẹ tó dé orí àpáta, lẹ́yìn ìyẹn ẹ ṣì máa rìn dé ìlú àtijọ́ níbi tí ààfin Ọwá, ọba Ìdànrè, wà.

Bàtà ni kó o náwó lé. Kámbáàsì tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ rí ṣákiṣàki tó lè di òkúta mú, kó fi díẹ̀ tóbi ju ẹsẹ̀ wọn lọ, torí ìgbà tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ ni ọmọ ìka ẹsẹ̀ máa ń gbá iwájú bàtà, ẹ gé èékánná wọn kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Rà á báyìí, jẹ́ kí wọ́n máa wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, máa wọ̀ ọ́ lọ síbi eré, kó rọ̀ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Bàtà tuntun lọ́jọ́ ìgun-òkè, ìléròrò ní gìgísẹ̀ ni, ta ló sì máa gbé ọmọ ọdún méje sọ̀ kalẹ̀? Kó tún jẹ́ èyí tí wọ́n lè fúnra wọn bọ́, torí ẹsẹ̀ Àgbọ́ọ̀gùn, ojú ẹsẹ̀ kan tó wà lára àpáta, wà lókè lọ́hùn-ún, wọ́n ní kò sí ẹsẹ̀ tí kì í bá a mu àfi ti àjẹ́, ọmọ wo ló máa gbọ́ ìyẹn tí ò ní fẹ́ ti ẹsẹ̀ tiẹ̀ bọ̀ ọ́?

Omi ló kàn. Lítà 2 fún àgbàlagbà, lítà 1 ó kéré tán fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ọyẹ́ máa ń tètè gbẹ òógùn lára, èèyàn ò ní mọ̀ pé omi ń tán nínú òun, torí náà ẹ má dúró de òùngbẹ, gbogbo ibi ìsinmi tẹ́ ẹ bá dé lójú àtẹ̀gùn kẹ́ ẹ mu díẹ̀. Ẹ má kó píọ̀ wọ́tà sínú báàgì o, ó lè bẹ́ sórí fóònù àti aṣọ, inú ike ni kẹ́ ẹ bù ú sí, kẹ́ ẹ fi odidi báàgì píọ̀ wọ́tà kan sílẹ̀ sínú búùtù mọ́tò de ìgbà tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀. Fi ORS, iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi mu, kún ẹrù náà.

Ínhélà Kẹ́hìndé, èyí ń jẹ mí lọ́kàn jù, torí eruku ọyẹ́ ò dáa fún un. Ẹni tó bá di ọwọ́ ẹ̀ mú ni kí ínhélà wà nínú àpò ẹ̀, kó má wà nísàlẹ̀ báàgì lábẹ́ oúnjẹ. Sọ fún dókítà ẹ̀ báyìí kí wọ́n fún yín ní ìkejì.

Mọ́mì ní àwọn náà ń lọ, mi ò sì ní sọ fún wọn pé kí wọ́n jókòó sílé. Ibi tí agbára wọn bá mọ ni wọ́n máa dúró, kí ẹnì kan dúró tì wọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ pín ẹrù sí báàgì méjì, irú èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn kí ọwọ́ lè ṣófo fún dídi ọmọ mú, kí omi, oúnjẹ, oògùn àti owó wà nínú méjèèjì, tó fi jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá pín sọ́nà méjì kò sẹ́ni tí nǹkan máa wọ́n. Àwọn tó ń lọ sókè nìkan kọ́ ni òùngbẹ ń gbẹ.

Oúnjẹ ò le. Ẹyin síse, ẹ̀pà, ọsàn, a sì máa ra dodo Ìkirè lọ́nà tá a bá ń ti Ìbàdàn bọ̀. Ìrẹsì àti ọbẹ̀ á kan nínú ooru, iyán sì di ìgbà tá a bá padà sí Àkúrẹ́, níbi tá a ti máa kọ́kọ́ sùn mọ́jú kó lè ṣeé ṣe láti bẹ̀rẹ̀ ní kùtùkùtù.

Àǹkárá kan gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì kọ̀ọ̀kan: ẹ lè tẹ́ ẹ jókòó, ẹ lè fi ṣíji bo ọmọ, ẹ lè ta á bí ọmọ bá fẹ́ tọ̀, tó bá sì rẹ̀ ẹ́ ẹ lè fi pọ̀n ọ́n. Pilásítà, Robb, fìlà etí gbòòrò, ọ̀rá tẹ́ ẹ máa kó ìdọ̀tí yín sí, àti fèrè kọ̀ọ̀kan lọ́rùn àwọn ìbejì, kí wọ́n mọ̀ pé tí wọn ò bá rí wa mọ́, ojú kan ni kí wọ́n dúró sí kí wọ́n máa fun ún.

Jọ̀ọ́, bá mi pe Mọ́mì lórí ọ̀rọ̀ bàtà. Mo ti ní màá ra kámbáàsì fún wọn, sílípáàsì aláwọ yẹn ni wọ́n ṣì ní àwọn máa wọ̀, tìẹ ni wọ́n sì máa ń gbọ́.

Èmi ni ọ̀rẹ́ ẹ,
Ìyá Bọ́lá, Ìbàdàn