Lẹ́tà sí Bọ́lá: Èémí ni kí o kọ́kọ́ kọ́

Bọ́lá ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú òtútù ìlú ọba o. Ṣé àlàáfíà ni àwọn ọmọ wà? Inú mi dùn gidigidi pé o ti forúkọ sílẹ̀ láti kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. O ní ọjọ́ orí ti lọ. Kò tíì lọ rárá.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán ọ lójú láti máa ju apá. Èémí ló ṣáájú. Dúró níbi tí omi ti dé àyà rẹ, di etí puùlù mú, fi ẹnu mí sínú, tẹ ojú bọ omi, kí o wá máa fẹ́ èémí jáde nímú àti lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, kí omi máa hó bí ọbẹ̀ orí iná. Gbé ojú sókè, mí, tún bọ̀ ọ́. Ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, sinmi, tún bẹ̀rẹ̀. Ṣe ni ọ̀pọ̀ àgbà máa ń sé èémí. Èyí tí wọ́n ti lò tán á há sínú, òun ló ń mú kí àyà máa já. Bí wọ́n bá wá gbé orí jáde, wọ́n á fẹ́ mí síta, wọ́n á fẹ́ mí sínú, lẹ́ẹ̀kan náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé omi mì.

Lẹ́yìn náà, kọ́ bí a ṣe ń dìde dúró, kí o tó kọ́ bí a ṣe ń léfòó. Bí o bá dojú bolẹ̀, fa orúnkún méjèèjì mọ́ àyà, fi àtẹ́lẹwọ́ ti omi sísàlẹ̀, gbé orí sókè, kí o tó wá na ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀. Ara tí kò mọ bí yóò ṣe dìde kì í dẹ̀, ara tó bá sì le kì í léfòó dáadáa.

Tí o bá wá fẹ̀yìn lé omi, jẹ́ kí etí méjèèjì wọ inú rẹ̀, kí o máa wo àjà. Ẹni tó bá gbé orí sókè láti wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ìdí rẹ̀ á rì, nítorí orí wúwo.

Ẹsẹ̀ ńkọ́? Láti ìgbáròkó ni kí o ti máa jù ú, kí orúnkún dẹ̀, kí ọmọ ìka ẹsẹ̀ nà, bí ẹni tó fẹ́ gbọn sílípáàsì dànù. Ẹni tó bá ń fi orúnkún wa kẹ̀kẹ́ nínú omi á kàn rẹ ara rẹ̀ ni.

Nígbà tó bá kan fífi ẹ̀gbẹ́ mí, yí orí, má gbé e. Ojú kan nínú gíláàsì ìlúwẹ̀ẹ́ tí o wọ̀ gbọ́dọ̀ ṣì wà nínú omi.

Ní ti gíláàsì yẹn, kí o tó rà á, tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú láìfi rọ́bà rẹ̀ kọ́ orí. Bó bá lẹ̀ fúngbà díẹ̀, ó bá ọ mu. Irun rẹ náà: fi omi ẹ̀rọ rẹ ẹ́ kó tutù dáadáa kí o tó dé fìlà ìlúwẹ̀ẹ́, kó má baà fa kẹ́míkà puùlù mu púpọ̀.

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ sàn ju wákàtí kan lẹ́ẹ̀kan lọ. Kí olùkọ́ rẹ wà nínú omi pẹ̀lú rẹ níbẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé etí puùlù ló ti ń pariwo, wá ẹlòmíì.

Kọ̀wé sí mi lẹ́yìn lẹ́sìnnì kẹta, kí n gbọ́ bóyá etí rẹ ti ń wọ omi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Ṣadé