Ẹ wọn ilé náà kó tó wó

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Awọnlẹ̀ ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì, Kubwa níbí l'Ábújá ni mò ń gbé. Ọ̀rọ̀ ilé tí wọ́n kọ́ tí kò parí ni mo bá wá, nítorí ohun tójú mi rí ní Spéènì kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Ọmọbìnrin mi ló mú mi dé Granada. Ààfin kan wà lórí òkè Alhambra níbẹ̀, tí Ọba Charles Karùn-ún ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1527. Pedro Machuca ló ya àwòrán rẹ̀. Ìta rẹ̀ ní igun mẹ́rin, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó mítà 63, àmọ́ tí ẹ bá wọlé, àgbàlá ibẹ̀ rí roboto bí ẹnu ìkòkò. Owó orí àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n fipá sọ di Kìrìsìtẹ́nì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Nígbà táwọn yẹn ṣọ̀tẹ̀ lọ́dún 1568, iṣẹ́ dúró. Wọ́n tún padà sí i, wọ́n sì pa á tì lọ́dún 1637 láìní òrùlé. Òjò ń pa á bẹ́ẹ̀ fún ohun tó lé ní 250 ọdún, kí Torres Balbás, tó gba iṣẹ́ ìtọ́jú Alhambra lọ́dún 1923, tó bẹ̀rẹ̀ sí í bò ó.

Mo fọwọ́ kan òpó àgbàlá náà. Ó rí bíi kọnkéré tí símẹ́ǹtì ojú rẹ̀ ti ṣí, tí òkúta wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ yọjú síta. Mo ka òpó ìsàlẹ̀, ó jẹ́ 32. Mo yọ tépù lápò, mo ti wọn àlàfo àárín méjì kí ọmọ mi tó ní, "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n á lé wa o."

Àwòrán ilẹ̀ ààfin náà, èyí tí wọ́n yà láyé Charles fúnra rẹ̀, ṣì wà ní Madrid dòní.

Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ ní Zaria, èmi àti ọ̀gá mi fi ọjọ́ mẹ́ta wọn ilé alámọ̀ àtijọ́ kan nínú odi ìlú. Ọ̀gá mi kọ́ mi pé ìwọ̀n ògiri mẹ́rin nìkan kò tó. Ẹ na okùn láti igun dé igun lọ́nà méjèèjì. Tí kò bá dọ́gba, yàrá náà ti wọ́. A ka gbogbo igi àsárà tó gbé àjà dúró, a wọn túbálì, ìyẹn bíríkì amọ̀ àwọn Hausa, tó ti ṣí síta. A kó ìwé náà fún ọ́fíìsì tó rán wa. Nígbà tí òjò wó apá kan ilé ọ̀hún, táwọn onílé wá àwòrán tí wọ́n máa fi tún un kọ́, ọ́fíìsì kò rí i mọ́. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi dí i. Ó ń dùn mí títí di òní.

Wọ́n a ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Bẹ́ẹ̀ ni, tí ẹni tó mọ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ bá ṣì wà. Ẹ wo mọ́ṣáláṣí ńlá Zaria tí Babban Gwani Mikaila kọ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, apá kan rẹ̀ wó lu àwọn tó ń kírun, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ọlọ́run kó dẹlẹ̀ fún wọn. Àmọ́ Zbigniew Dmochowski, ayàwòrán ilé ọmọ ilẹ̀ Poland, ti wọn ilé náà tipẹ́, wọ́n sì kọ́ irú rẹ̀ sí mùsíọ́ọ̀mù ilé ìbílẹ̀ ní Jos.

Ilé àkọ́patì tó wà káàkiri Àbújá náà yẹ ní wíwọ̀n. Kò sí ilé tó ń sọ tinú ẹ̀ tó o, nítorí wọn ò tíì rẹ́ ẹ. Irin tó yọ lórí òpó, ó ń sọ fún yín pé onílé fẹ́ gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan sí i.

Mo ń bẹ àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ iṣẹ́ sọ́fè níbí: ẹ mú ilé kan, ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ onílé, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ kọ déètì sí i, ẹ má sì fi ẹ̀dà rẹ̀ sí ojú kan ṣoṣo. Tépù mítà 50 mi ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí n bá òun lọ, kó kọ̀wé sí yín.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Kubwa, Àbújá